Ẹ Kú Ewu Ọmọ, Mààlúù: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tó Léwu Jù Láyé Abo Mààlúù

  Tó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ wà báyìí, tẹ́ ẹ ń ti Mile 2 bọ̀ wá sí Ìyànà-Ìbá, ẹ jókòó ẹ fara balẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ fẹ́ràn ju gbígbọ́ lọ, tiyín nìyí, a ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Igbó-Elérin ni mo ń gbé, lápá Okokomaiko níbí. Erin ló wà nínú orúkọ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n mààlúù là ń rí. À ń rí wọn lẹ́bàá títì, à ń rí wọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, a sì ń rí wọn nínú ìkòkò ọbẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 tí ìjọba Èkó ti fọwọ́ sí òfin pé kí ẹnikẹ́ni má da ẹran káàkiri mọ́, òṣèlú ló kún inú ọ̀rọ̀ mààlúù. Lónìí, ẹ jẹ́ ká gbé òṣèlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìbímọ ni mo gbé wá.

Tí obìnrin bá bímọ lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ bá a ṣe ń kí i: "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn àgbà mọ̀ pé ewu ìbímọ kì í tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá ké. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi ń kó ẹrù wá bá ìyá ọmọ gbé, tó ń gbé omi gbígbóná kaná, tó ń ro àmàlà, tó sì ń ṣọ́ ọ bóyá ó jẹun tán. Mààlúù náà nílò irú ojú bẹ́ẹ̀ lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bí àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá bí, ìgbà yẹn ló léwu jù fún un láàárín ọdún. Púpọ̀ nínú àìsàn tó ń dá mààlúù alámọ̀ọ́fún dùbúlẹ̀, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo máa sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: àìsàn tó ń mú mààlúù lẹ́yìn ìbímọ, bó ṣe jẹun kó tó bí ló sábà máa ń pinnu rẹ̀.

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkan báyìí: "Èmi tí mo ń gbé yàrá kan lẹ́yìn LASU, kí ló kàn mí nínú ìbímọ mààlúù?"

Ó kàn yín o. Èyí tó pọ̀ jù nínú mílíìkì tá à ń mu ní Nàìjíríà, òkè òkun ló ti ń wá, ní lẹ́búlẹ́bú. Ní oṣù kejì ọdún 2020, CBN sọ pé ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré ni àwọn máa gbà láyè láti rí dọ́là fi ra mílíìkì wọlé. Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó ń ta mílíìkì ló ń wá bó ṣe máa rí i nílé. FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti ń gba mílíìkì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní lágbègbè Ìsẹ́yìn àti Fáṣọlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tipẹ́. Promasidor tó ń ṣe Cowbell bá ìjọba Èkìtì da ọwọ́ pọ̀ lórí oko mààlúù tó wà ní Ìkùn-Èkìtì, wọ́n sì kó irú mààlúù tí wọ́n ń pè ní Jersey wá síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Arla láti Denmark ṣí oko tiwọn ní Kaduna lọ́dún 2023. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá iléeṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Owó ti ń wọ inú mààlúù nìyẹn. Owó àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin náà ti rí i lórí WhatsApp: "Dá owó sí mààlúù kan, gba èrè lẹ́yìn oṣù mélòó kan." Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá owó sí mààlúù tó lóyún, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ń sọ yìí ni owó yín ti máa yè tàbí kó kú.

Owó inú àkáǹtì àti owó inú fíksídì

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Mààlúù máa ń gbé oyún bí ọjọ́ 280 sí 290, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èèyàn. Lọ́jọ́ tó bá bí, ọmú rẹ̀ á kún fún mílíìkì àkọ́kọ́, èyí tó nípọn tó sì pọ́n díẹ̀. Mílíìkì yìí ṣe pàtàkì fún ọmọ rẹ̀ gan-an, torí inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń rí agbára tó fi ń bá àìsàn jà.

Kálísíọ́mù pọ̀ nínú mílíìkì náà. Nínú lítà kan, ó ju gíráàmù 2 lọ. Tí mààlúù òyìnbó bá fún lítà 10 lọ́jọ́ tó bímọ, ó ti lé ní gíráàmù 20 tó jáde nìyẹn. Èwo ló wá wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bí gíráàmù 3 péré.

Ẹ wò ó báyìí: ẹnìkan ní 3,000 náírà nínú àkáǹtì, wọ́n wá ní kó san 20,000 kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe akúṣẹ̀ẹ́ o. Owó ńlá wà nínú fíksídì rẹ̀. Fíksídì mààlúù ni egungun rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo kálísíọ́mù wà. Àmọ́ ẹ mọ báńkì. Wọn kì í ṣí fíksídì lójú ẹsẹ̀. Ara mààlúù náà máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó lè máa yọ kálísíọ́mù jáde nínú egungun bó ṣe yẹ. Àárín ọjọ́ méjì yẹn ni wàhálà wà.

Kálísíọ́mù ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, mààlúù á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Lẹ́yìn náà á jókòó, kò ní lè dìde mọ́. Á ká ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń sùn. Etí rẹ̀ á tutù. Ikùn rẹ̀ lè wú, torí ṣàkì náà iṣan ni, ó ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣàkì inú ọbẹ̀ yín yẹn ni mò ń wí. Ibẹ̀ ni koríko ti ń kẹ̀ tó ń di oúnjẹ. Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè kú kí ọjọ́ kejì tó mọ́.

Òyìnbó ń pè é ní milk fever, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gbóná rárá. Ó máa ń tutù ni. Ẹni tó bá tẹ̀lé orúkọ yẹn, á lọ máa fún un ní oògùn ibà.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe jí mààlúù dìde

Ìtàn kan wà níbí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fa àìsàn yìí nílẹ̀ Yúróòpù. Lọ́dún 1897, dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ Schmidt, ní ìlú Kolding ní Denmark, rò pé májèlé ló wà nínú ọmú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn fọ inú ọmú mààlúù tó bá dùbúlẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mààlúù ń dìde! Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí i pé oògùn náà kò tiẹ̀ pọn dandan. Tí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sínú ọmú, mààlúù á dìde. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe é.

Kí nìdí? Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún inú ọmú, mílíìkì ò ní ráyè wọlé síbẹ̀ mọ́. Kálísíọ́mù tó ń sá jáde á dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Èrò Schmidt kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀mí mààlúù láìmọye. Ọdún 1925 ni Dryerre àti Greig ní Edinburgh tó sọ ọ́ gbangba pé àìtó kálísíọ́mù ni. Lónìí, dókítà ẹran á gbé omi kálísíọ́mù sí i nínú iṣan ara, díẹ̀díẹ̀. Mààlúù tẹ́ ẹ rò pé ó ti kú lè dìde láàárín wákàtí kan tàbí méjì.

Díẹ̀díẹ̀, mo tún un sọ. Tí wọ́n bá tú u sínú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ọkàn mààlúù lè dúró. Ẹ má wo fídíò kan lórí YouTube kẹ́ ẹ wá lọ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín.

Mààlúù tó ń ṣe keto láìfẹ́

Wàhálà kejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú keto rí máa tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn ò bá jẹ nǹkan oníṣúgà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá. Mààlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò yàn án. Láti fún lítà mílíìkì kan, ó nílò bí gíráàmù 70 ṣúgà. Mààlúù tó ń fún lítà 30 lóòjọ́ ń san ju kílò 2 ṣúgà lọ. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà tó ń rí tààrà nínú koríko kò tó nǹkan. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe é látinú ohun tí ṣàkì bá fi ránṣẹ́ sí i. Ní ọjọ́ mélòó kan kó tó bí, oúnjẹ kì í wù ú jẹ dáadáa mọ́. Bó bá bí tán, mílíìkì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì yá.

Ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá. Ọ̀rá á rọ́ wọnú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ á jó ohun tó bá lè jó, ìyókù á dúró síbẹ̀, á dí i pa. Èyí tí kò jó tán á di ohun kan tí wọ́n ń pè ní ketone, tó ń rùn lẹ́nu mààlúù bí asitóònù tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń pa ọ̀dà rẹ́. Mààlúù náà á kọ oúnjẹ, á rù kíákíá, mílíìkì á wálẹ̀. Ibi rẹ̀ lè má jáde lásìkò, ilé ọmọ rẹ̀ lè kẹ̀, kò sì ní tètè lóyún mìíràn.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó jọ èyí tí àwọn onítọ̀ọ́ ṣúgà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹ̀jẹ̀ kíún ti tó. Tí ketone bá ti tó 1.2 lórí ẹ̀rọ náà, dókítà á ti mọ̀ pé wàhálà ti ń yọ́ bọ̀, kódà bí mààlúù ṣì ń rìn kiri.

Ibi tó máa ya yín lẹ́nu rèé. Mààlúù tó sanra jù ló sábà máa ń kó sínú rẹ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, tí nǹkan bá sanra, a ní ó gbádùn. Mààlúù tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀ wọ ọjọ́ ìbímọ kì í lè jẹun dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rá tó sì máa rọ́ bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀. Kó má rù, kó má sì sanra jù: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni.

Mààlúù àwọn Fúlàní ń kọ́?

Ìbéèrè dáadáa kan rèé: "Mààlúù funfun oníké tí à ń rí káàkiri yìí, kì í dùbúlẹ̀ báyìí. Ṣé ó lágbára ju ti òyìnbó lọ ni?"

Irú mààlúù yẹn, Bunaji ni àwọn Fúlàní ń pè é. Nínú agbo tó ń jẹ̀ kiri, darandaran lè má rí ju lítà kan sí méjì fún lóòjọ́, torí ó fi ti ọmọ sílẹ̀. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré, báńkì kì í lé e. Ìdí nìyẹn tí milk fever kì í fi í sábà mú un.

Àmọ́ òun náà ní ewu tirẹ̀: ebi ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, koríko á gbẹ, kò ní sí agbára nínú rẹ̀ mọ́. Mààlúù tó bá bí lásìkò yẹn ń fi ẹran ara rẹ̀ ṣe mílíìkì. Kò ní kú lọ́jọ́ kan. Á máa rù ni, ọmọ rẹ̀ ò ní dàgbà dáadáa, yóò sì pẹ́ kó tó tún wá akọ. Ọ̀pọ̀ ń lo ọdún kan ààbọ̀ tàbí ọdún méjì kó tó bí òmíràn. Ẹ wá ka ọmọ tí kò bí yẹn, ẹ ka mílíìkì tí obìnrin Fúlàní kò rí fi bọmubọmu dì di wàrà, ẹ á rí i pé àdánù ńlá ni.

Kò tán síbẹ̀. Tí mààlúù bá dùbúlẹ̀, tí kò sí dókítà nítòsí, olówó rẹ̀ á pe alápatà kó tó kú. Ẹran tí ìgò omi kálísíọ́mù kan ì bá gbé dìde á di kílò lórí àtẹ. Nígbà míì, wọ́n á ti kọ́kọ́ gún un ní oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ apakòkòrò láìmọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n á sì pa á kí oògùn tó jáde lára rẹ̀. Èyí tó kù lára oògùn yẹn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́.

Kánún, egungun lílọ̀, àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Àwọn darandaran mọ̀ pé iyọ̀ ṣe pàtàkì, wọ́n sì máa ń fún ẹran ní kánún. Ó dáa, ó ní ìwúlò. Ṣùgbọ́n fún mààlúù olómílíìkì púpọ̀, ẹ dín kánún kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún. Irú iyọ̀ tó wà nínú kánún máa ń jẹ́ kí egungun lọ́ra láti yọ kálísíọ́mù sílẹ̀. Bákan náà ni egungun lílọ̀. Ẹnìkan lè rò pé, "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kálísíọ́mù ló máa tán, jẹ́ kí n tètè rọ́ ọ sí i lára." Òdìkejì ló máa ń já sí. Tí kálísíọ́mù bá ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu láti ẹnu, ara ò ní rí ìdí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí fíksídì. Tó bá bí tán, ẹ wá lè fún un.

Ní ti oúnjẹ, ṣàkì kì í fẹ́ ìyípadà òjijì. Tó bá jẹ́ koríko ló ti ń jẹ, tẹ́ ẹ wá da ọkà púpọ̀ sí i lọ́jọ́ tó bímọ, inú rẹ̀ á kan, á tún kó àìsàn mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní díẹ̀díẹ̀ nínú oúnjẹ tó máa jẹ lẹ́yìn ìbímọ. Kò yẹ kó ná wa lówó òkè òkun. Eèrí wà, ewé ẹ̀pà gbígbẹ wà, èèpo ẹ̀wà wà. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn onígàrí ń dà nù, tí wọ́n bá sá a gbẹ dáadáa kí oró rẹ̀ lọ, oúnjẹ gidi ni. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA, àwọn onímọ̀ ILRI ti ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń rin èèpo ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń sá a di oúnjẹ ẹran láàárín ọjọ́ díẹ̀. Koríko tútù àti omi mímọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n, torí mílíìkì, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá owó sí mààlúù, ẹ má kàn béèrè pé lítà mélòó ló ń fún. Ẹni tó ń ta á fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè ìyẹn. Mààlúù Jersey, bó ti wù kó dáa tó, wà lára àwọn tí milk fever ń mú jù láyé. Ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, irú mààlúù wo ni, ìgbà mélòó ló sì ti bímọ? Èyí tó bá ti bí lẹ́ẹ̀mẹta sókè ni ewu milk fever rẹ̀ pọ̀ jù, torí egungun àgbà kì í tètè dáhùn.

Èkejì, oṣù wo ló máa bí? Tó bá jẹ́ àárín ẹ̀ẹ̀rùn, níbo ni oúnjẹ rẹ̀ wà? Ẹ ní kí wọ́n fi àká hàn yín. Ẹnu lásán kì í bọ́ mààlúù.

Ẹ̀kẹta, dókítà ẹran wo ló ń tọ́jú wọn, báwo ló ṣe jìnnà sí? Tó bá máa gba ọjọ́ méjì kó tó dé, ọ̀dọ̀ alápatà ni owó yín ń lọ yẹn.

Ẹ̀kẹrin, ta ló ń sùn lọ́dọ̀ wọn lóru ọjọ́ ìbímọ?

Fún ẹni tó bá tiẹ̀ ń sin ín gan-an: tí mààlúù bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ gbé e kó jókòó lórí àyà, ẹ fi àpò koríko tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí afẹ́fẹ́ má baà kún inú rẹ̀ pa á. Ẹ má da omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu, torí kò lè gbé e mì, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ pe dókítà.

LASU tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí, Ẹ̀pẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ tó máa lówó lórí lọ́la, orílẹ̀-èdè tó ń kó mààlúù olówó ńlá wọlé máa nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ wọn lóru ìbímọ. Mààlúù lè wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣe ìyá àgbà fún un, àárín wa níbí la ti máa rí i.

Ibi tí a ó ti dánu dúró nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi mààlúù tó lóyún lọ̀ lórí WhatsApp, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó san owó. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn yín sílẹ̀ fún wa, a máa dáhùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.